Ojú Ìlọrin kọ́ la fi ń wo ilẹ̀ etí òkun: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àdúgbò tó ń gòkè ní Èkó

Ẹni tó ń gbé Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, tó sì ń gbèrò láti ra ilẹ̀ tàbí ilé ní Èkó níbi tí owó ò tíì ga ju apá lọ, òun la kọ èyí fún. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù la kó síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò gùn. Ti omi ló gùn jù, torí ibẹ̀ ni owó ará òkè ti ń rì jù.

Kí lẹ̀ ń pè ní àdúgbò tó ń gòkè?

Ibi tí ohun táwọn èèyàn nílò ti dé, tàbí tó ń dé lójú gbogbo ayé, tí owó ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì tíì bá a dọ́gba. Ẹ wo Táńkẹ̀ nílé níbí. Géètì ẹ́sítéètì kọ́ ló sọ Táńkẹ̀ di Táńkẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ló kó lọ sí ọgbà ńlá rẹ̀ níwájú ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé wọn. Oke-Ose náà ńkọ́? Ilé ìwòsàn yunifásítì ló fa èèyàn lọ síbẹ̀. Ẹni tó tètè rà kì í ṣe aríran. Ó rí ohun tí wọ́n ń kọ́, ó sì bi ara rẹ̀ pé níbo làwọn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò máa sùn.

Ìbéèrè yẹn náà la fi ń yẹ Èkó wò. Ta ni yóò gbé ibí? Iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe? Ọ̀nà wo ni yóò máa gbà jáde láàárọ̀? Tí éjẹ̀ńtì bá ń dáhùn pẹ̀lú "ọjọ́ iwájú" nìkan, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Kí ló ń gbé àdúgbò sókè ní Èkó gan-an?

Ọkọ̀ àti ọ̀nà ló ṣáájú. Èkó ń fi wákàtí jẹ èèyàn, nítorí náà ohunkóhun tó bá gé wákàtí méjì kúrò nínú ìrìn àárọ̀ máa gbé owó ilé sókè. Afárá tó so Lẹ́kí mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, jẹ́ ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, láti Màrínà dé Mile 2, nǹkan bíi kìlómítà 13, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023. Red Line, láti Àgbádó dé Òyìngbò, nǹkan bíi kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n ni ẹsẹ̀: láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibùdókọ̀ ojú irin, ìṣẹ́jú mélòó ni lórí ìrìn? Bó bá wà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dáa. Bó bá gba kẹ̀kẹ́ Màrúwà kí èèyàn tó débẹ̀, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Ẹ má fi àwòrán lórí fóònù wọ̀n ọ́n o, torí ó lè sún mọ́ra lójú àwòrán kí kánáàlì kan tí kò ní afárá wà láàárín.

Iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí ní oṣù kìíní 2023, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Yàbá ní tiẹ̀ ní Unilag àti Yaba Tech nítòsí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ wá pagọ́ síbẹ̀, Red Line sì tún wá dúró níbẹ̀.

Ìlérí nìkan kì í gbé àdúgbò sókè. Ọdún tí wọ́n ti ń dárúkọ Afárá Kẹrin tó máa gba ti Ìkòròdú kò kéré, orúkọ rẹ̀ sì ti ta ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìtíì ní òpó kan ṣoṣo nínú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni pápákọ̀ òfuurufú Lẹ́kí. Ìlànà wa ò ṣòro: bí ẹ bá rí kọngilá, katapílà àti òṣìṣẹ́ tó ń dé síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ fi ṣírò. Bí pátákó nìkan lẹ bá rí, ẹ ra ilẹ̀ náà ní owó tó bá yẹ kí ẹ rà á bí iṣẹ́ yẹn ò bá wáyé rárá.

Ilẹ̀ ni ilẹ̀. Kí ló yàtọ̀ nínú ti etí òkun?

Omi ni. Ní Ìlọrin, tí ẹ bá gbẹ́ ìpìlẹ̀, ilẹ̀ pupa líle lẹ máa bá, tàbí àpáta. Ojú ilẹ̀ dà gẹ́rẹ́, òjò á sì wá ọ̀nà lọ sí odò Asà. Ojú tí ó mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣìnà ní Lẹ́kí, nítorí ibẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́: iyanrìn lókè, ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, omi sì wà lábẹ́ wọn níbi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Pulọ́ọ̀tì tó gbẹ nínú oṣù kejì lè di adágún nínú oṣù keje.

Ẹ lọ wò ó ní àsìkò òjò: láti ìparí oṣù kẹfà sí oṣù keje, tàbí nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Oṣù kẹjọ máa ń dá díẹ̀, ó sì máa ń tan èèyàn. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ lọ. Gbogbo ibi ni omi ń dúró sí nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó ṣì dúró lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún ni kò ní ibi tó ń lọ.

Ògiri á sọ òótọ́ fún yín ju onílé lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé tó ti pẹ́. Ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ tó dọ́gba yíká bí ẹni fi okùn fà á, òkè rẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú tàbí kó ní ewéko tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni omi dé. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu ọ̀nà: ṣé wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta dábùú ẹnu ilẹ̀kùn kí omi má baà wọlé? Ṣé àpò yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì? Ṣé ilé tuntun ga ju ilé àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n àtẹ̀gùn mẹ́rin? Tí ògùrọ̀ bá pọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́, tàbí tí òṣíbàtà ń yọ lójú gọ́tà, irà ni ẹ dúró lé, bó ti wù kí iyanrìn orí rẹ̀ funfun tó.

Ẹ wá tẹ̀ lé gọ́tà. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín láti iwájú ilẹ̀ náà títí dé ibi tó ti ń da omi sílẹ̀. Bó bá dé kánáàlì tàbí ọ̀sà, ó dáa. Bó bá parí sí iwájú fẹ́ǹsì ẹnì kan, kòtò gígùn lásán ni. Bí ilé bá wà lójú ọ̀nà omi, ìjọba á wó o lọ́jọ́ kan. Ní 2023 àti 2024, Èkó wó ilé tó dí kánáàlì System 156 àti 157 lápá Lẹ́kí, ilé tó lẹ́wà sì wà nínú wọn.

Wọ́n ní a lè fi yanrìn kún un. Èló ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibí ni "ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú" ti ń di ilẹ̀ olówó ńlá. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ mítà 600 níbùú lóròó, tí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè ní mítà kan péré, ó fẹ́ yanrìn mítà onígun 600. Típà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20 ń gbé nǹkan bíi mítà onígun méjìlá ààbọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta típà, kí yanrìn tó rì. Yóò sì rì, torí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ máa ń fún pọ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ẹ óò sì tún kún un. Ẹ béèrè iye típà kan ládùúgbò náà gan-an, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́ta, kí ẹ wá fi kún iye ilẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Ìpìlẹ̀ náà yàtọ̀. Èyí tí birikilà ń gbẹ́ ní Ganmo kò lè gbé ilé dúró lórí irà, ara ògiri á là lókè fèrèsé. Ráàfútì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìyẹn kọnkéré onírin tó tẹ́ lọ sábẹ́ gbogbo ilé. Bí ẹrẹ̀ bá jìn, òpó tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ ló kù. Ẹnjiníà ò lè mọ èyí tó yẹ láìṣe àyẹ̀wò ilẹ̀, nítorí náà ẹ sanwó àyẹ̀wò náà kí ẹ tó ra irin.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ fún ẹni tó ń rà: bí ẹ bá gbé ilẹ̀ tiyín sókè tí òpópónà ò sì ga, omi yín á lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, òun náà á gbé tiẹ̀ sókè, òpópónà á wá di odò láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má wo pulọ́ọ̀tì nìkan. Òpópónà ni kí ẹ wọ̀n.

Omi mímu ńkọ́?

Ẹ bẹ ẹnì kan ládùúgbò fún omi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ díẹ̀, yóò níyọ̀ sí i. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di àárọ̀. Bó bá yí padà di àwọ̀ tíì, irin wà nínú rẹ̀, ẹ máa ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ. Nítòsí òkun gan-an, atẹ́gùn oníyọ̀ á jẹ páànù àti irin fèrèsé kíákíá.

Ìkòròdú àti Ìṣẹrì kì í ṣe etí òkun, ṣé wọn ò léwu?

Odò Ògùn ló ń bá wọn jà. Tí omi bá kún ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, àgàgà nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú máa ń kún bí òjò ò tilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Apá ibi tó ga ní Ìkòròdú kò sí nínú èyí. Ní ti etíkun gan-an, ẹ wo Okun Alfa, níbi tí ìgbì ti jẹ ilẹ̀ abúlé lọ. Ẹ má ra ilẹ̀ tó dojú kọ òkun láìbéèrè ibi tí etí omi wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Google Earth ní àwòrán àtijọ́. Ẹ fa ọdún sẹ́yìn níbẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Mi ò gbé Èkó. Báwo ni mo ṣe lè yẹ àdúgbò wò nínú ìrìn àjò kan?

Láti Ìlọrin dé Èkó tó nǹkan bíi ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ní ìtumọ̀. Ẹ gbéra ní Ọjọ́bọ̀. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ Ẹtì, kí ẹ ti wà níbùdókọ̀ àdúgbò náà, ẹ wọ ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀, kí ẹ ka wákàtí dé CMS tàbí Ìkẹjà. Éjẹ̀ńtì fẹ́ràn láti mú èèyàn lọ lọ́jọ́ Àìkú, torí ọ̀nà máa ń dá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tó dáa fún un nìyẹn, kò dáa fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọjá sí Aláúsá, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà, fún ọ̀rọ̀ ìwé, a óò dé ibẹ̀. Ẹ padà sí àdúgbò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ mú òpópónà kan tó ní ogún ilé, kí ẹ ka iye tí iná àti ohùn èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tó méje, àwọn tó ń dúró kí owó lọ sókè ló rà á, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tíì dé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ máa dúró pẹ́.

Ní Sátidé, ẹ rìn. Ẹ wá ẹni tó ń ta gáàsì, kẹ́míìsì, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, alágbàfọ̀, oní-POS. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí èèyàn ò sí. Ẹ ra àkàrà, kí ẹ bi ìyá tó ń dín in bí ẹ̀wà tó ń lọ̀ láàárọ̀ ti pọ̀ sí i ju ti ọdún tó kọjá lọ. Òǹkà rẹ̀ dáa ju ti ìwé ìpolówó lọ. Ẹ tún ka iye ògiri tí wọ́n kọ "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sí. Ọ̀kan tàbí méjì, kò burú. Bó bá wà lórí gbogbo fẹ́ǹsì, ẹbí ń jà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní àbúrò ní Èkó tó máa lọ dípò yín, ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún un, ẹ ní kó ya fídíò láìdánu dúró láti títì ọlọ́dà dé ilẹ̀ náà. Fọ́tò nìkan ò tó. Ẹ sì rí i pé orúkọ yín ló wà lórí rìsíìtì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó má di ẹjọ́ ẹbí lẹ́yìn ọ̀la.

Iná ńkọ́?

Ilé iṣẹ́ iná pín àdúgbò sí ìpele tí wọ́n ń pè ní Band, gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n rí. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó iná Band A ti ga jù, wákàtí 20 lóòjọ́ ló sì yẹ kí wọ́n rí. Band B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹ má béèrè bóyá "iná wà". Ẹ béèrè orúkọ fíídà (wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) àti Band rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé méjì, kí ẹ wo rìsíìtì tókìn wọn. Ẹ tún béèrè ẹni tó ra tiránsífọ́mà. Bó bá jẹ́ pé àwọn onílé ló dáwó rà á, ẹ̀yin náà máa dá nígbà tó bá jóná.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé owó ilẹ̀ ti sáré ju àdúgbò lọ?

Ẹ fi owó pulọ́ọ̀tì wé owó ilé ọdún kan fún fúláàtì oníyàrá méjì ládùúgbò kan náà. Iye àpẹẹrẹ lásán ni ìwọ̀nyí: bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ mílíọ̀nù 30, tí owó ilé jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ìlọ́po 20 ni. Bí pulọ́ọ̀tì tún jẹ́ mílíọ̀nù 30 níbòmíràn, tí owó ilé sì jẹ́ 600,000, ìlọ́po 50 ni. Ìrètí ló gbé èkejì dúró. Ẹ ṣe é fún àdúgbò mẹ́ta tó súnmọ́ra, èyí tí ìlọ́po rẹ̀ kéré, tí owó ilé rẹ̀ sì ń gòkè, ni kí ẹ wò dáadáa. Ayálégbé ni kí ẹ bi ní iye tó san nígbà tó kó wọlé àti èyí tó ń san báyìí. Onílé máa ń sọ iye tó ń fẹ́.

Ìwé wo ló ṣe pàtàkì?

Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ìjọba ti gba ilẹ̀ yìí. Ẹ mú sọ̀fiyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Kó dúró lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó fi ẹ̀rọ mú òǹkà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì lọ ṣe charting, ìyẹn kó fi òǹkà náà wá ilẹ̀ lórí máàpù ìjọba, ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá. Bí ẹni tó ń tà bá fún yín ní ìwé sọ́fè, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ kà á: orúkọ, ibi tí ilẹ̀ wà, ìwọ̀n rẹ̀ ní mítà, ìlà pupa tó yí i ká, nọ́ńbà bíkìn (òpó kọnkéré kékeré) ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ wá bíkìn yẹn nínú koríko, kí ẹ bá nọ́ńbà ara rẹ̀ mu. Ìwé ilẹ̀ ibòmíràn ni àwọn kan máa ń fi hàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi red copy, ìyẹn ẹ̀dà sọ́fè tó jẹ́ ti ìjọba, sílẹ̀ ní Aláúsá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìjọba ò mọ sọ́fè náà rí.

Bí ilẹ̀ bá bọ́ sínú committed acquisition (ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀), ẹ sá. Bó bá jẹ́ global acquisition (ilẹ̀ tí ìjọba gbà lápapọ̀ láìtíì yàn án fún iṣẹ́ kan), ọ̀nà lè wà láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lọ́yà sọ iye tó máa ná yín kí ẹ tó sanwó. Excision túmọ̀ sí pé ìjọba ti dá ìwọ̀n ilẹ̀ kan padà fún abúlé, gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, sì kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. "Excision ń lọ lọ́wọ́" kì í ṣe excision. Àwọn kan sì máa ń ta ibi tó wà lẹ́yìn ààlà gásẹ́ẹ̀tì, charting nìkan ló ń tú wọn fó. Ilẹ̀ tó ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi fún èèyàn ní ilẹ̀), ẹ wá nọ́ńbà, ojú ewé àti fólúùmù rẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ìtà rẹ̀ fún yín gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà.

Ilẹ̀ tó wà nítòsí iṣẹ́ ìjọba, ṣé èrè ni?

Ó lè jẹ́ èrè, ó sì lè jẹ́ katapílà. Ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Kàlàbá bẹ̀rẹ̀ ní 2024, wọ́n sì wó ilé àti ibi ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní 1990, wọ́n wó Máròkó pátápátá, olówó ló ń gbé àyíká ibẹ̀ lónìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ méjèèjì, torí wọn kì í fìgbà gbogbo lo ìwọ̀n kan náà. Òpópónà tó wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jèrè jù.

Pulọ́ọ̀tì ni wọ́n pè é. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Rárá o. Ẹsẹ̀ 50 sí 100 tí a mọ̀ nílé jẹ́ nǹkan bíi mítà 465 níbùú lóròó. Ẹsẹ̀ 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi 669. Ní Èkó, ẹ máa rí "pulọ́ọ̀tì" 600, 500, àní 300. Mítà ni kí ẹ máa béèrè, kí ó sì wà nínú ìwé.

Ẹ̀dínwó wà bí a bá san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé ká gbà á?

Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi ilẹ̀ hàn yín lójúkorojú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí owó sọ́fè, owó ìwé àti owó ìdàgbàsókè yóò jẹ́, torí àwọn wọ̀nyí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ilẹ̀ níbòmíràn. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pẹ́ san lóṣù kan.

Àwọn ọmọ onílé ńkọ́?

Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Òfin Èkó ti 2016 lòdì sí fífi agbára gba owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò ní sùn sórí ilẹ̀ yín. Kí ẹ tó rà, ẹ bi àwọn mẹ́ta tó ń kọ́lé lọ́wọ́ níbẹ̀ ní iye tí wọ́n san àti ẹni tí wọ́n san án fún. Bí ìdílé méjì bá ń gba owó lórí ilẹ̀ kan náà, ìjà ṣì ń bọ̀.

Ká má parọ́, ṣé kò sàn kí n ra tèmi sí Ìlọrin?

Fún ẹni tó fẹ́ lo owó náà láàárín ọdún mẹ́ta, ó sàn. Apá Oke-Ose, Ganmo àti Ẹyẹ́nkọ́rin ṣì ń gbòòrò, ilẹ̀ ibẹ̀ líle, ẹ sì lè fi ọkàdà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ti Èkó wà fún owó tó lè jókòó ọdún méje sí mẹ́wàá, tí èèyàn tí ẹ fọkàn tán sì lè dé orí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àgàgà nínú oṣù keje nígbà tí omi bá ń fi ibi tó fẹ́ dé hàn.